Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Mítà àti Òòfà Mọ Ìwà Máńgánísì Lórí Tábìlì Yín

Lórí tábìlì ẹnikẹ́ni tó ń tún rédíò àti ṣájà ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń pè ní máńgánísì wà níbẹ̀ ní ibi mẹ́ta, bí ẹni tó ni tábìlì kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú. Ó wà nínú ẹ̀yà dúdú kékeré kan tó ń ṣọ́ ooru. Ó sì wà nínú òkúta dúdú tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ lára nínú ṣájà. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ́síjìn ló so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra rárá. Ti àkọ́kọ́, agbára káká ni òòfà fi ń rí i fà. Ti èkejì, ooru ló ń ṣí ọ̀nà fún iná nínú rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, bí òòfà bá ti kàn án, ọwọ́ ló máa ya wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ físíìsì ń há ọ̀rọ̀ yìí sórí láti inú ìwé Faransé, wọn kò fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń há rí. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan án láti àárọ̀ dé alẹ́ kò sì mọ ohun tó jẹ́. Àwọn méjèèjì ni mo kọ èyí fún. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wọn: máńgánísì kò ní ìwà kan pàtó tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Iye ọ́síjìn tó so mọ́ ọn, àti mẹ́táàlì tí wọ́n jọ ń gbé, ni wọ́n ń sọ bí yóò ṣe hùwà sí iná àti sí òòfà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá mítà tó lè ka ìdènà iná, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó, dé mílíọ̀nù óòmù méjì; óòmù ni a fi ń wọn ìdènà. Èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ọjà Wàńdó ti tó. Ẹ wá òòfà méjì: ńlá kan láti ẹ̀yìn sípíkà tó ti ya, àti kékeré kan láti inú háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ti háàdì dísìkì yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó; ó lè há ìka yín mọ́ irin kí ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Lẹ́yìn náà, òwú ìránṣọ, ike bíróò tó ti tán, ìṣó méjì tó gba inú ike náà já, omi gbígbóná, omi dídì, àti tẹmomítà tó lè ka 100 dígírì. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú pọn dandan. Ẹni tí kò bá ní wọn, kó fo ọ̀rọ̀ bátìrì, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí támísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà dúdú kékeré tó ń ṣọ́ ooru.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ dán mítà yín wò. Ẹ gbé e sí ibi ìdènà, kí ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn; òǹkà náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀kan mú, kí ẹ fi ọwọ́ òsì di èkejì mú. Ẹ ó rí òǹkà ńlá kan tó ń gbọ̀n. Ara yín ni mítà ń kà yẹn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá ń wọn ohun tí ìdènà rẹ̀ pọ̀, ẹ má ṣe fi ìka kan irin ẹnu wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú irọ́ tí mítà ń pa, ọwọ́ wa ló kọ́ ọ.

Bátìrì tó ti kú

Bátìrì tí a lè tú ni ti àtijọ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ síńkì, èyí ńlá tí a ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà alkaline lára rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀: omi inú rẹ̀ ń jó awọ, ó sì lè fọ́ ojú. Bátìrì fóònù àti èyíkéyìí tó ṣeé gba iná padà, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí ó lè gbiná lọ́wọ́ yín.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ bó ìwé tàbí páànù òde rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀mú mú etí síńkì láti òkè, kí ẹ máa yí i sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó kan ìwé fúlẹ́fúlẹ́ kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan dúdú tó rin, tó sì ń ba ọwọ́ jẹ́. Ọ̀pá dúdú kan dúró láàárín rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni ọ̀pá yẹn. Ẹ pa á mọ́, a ó lò ó láìpẹ́. Nǹkan dúdú tó yí i ká ni máńgánísì tó so mọ́ ọ́síjìn méjì, tí wọ́n po pọ̀ mọ́ ẹ̀tù kábọ́ọ̀nù àti omi oníyọ̀. Georges Leclanché, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú àdàpọ̀ yìí sí bátìrì ní 1866. Títí di òní, bátìrì tuntun irú rẹ̀ ń fún wa ní fóòtì 1.5.

Máńgánísì kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń wà á ní Nsuta ní Ghana, wọ́n ń wà á ní Moanda ní Gabon. Oríṣi kan tó dára jù fún bátìrì, àwọn onímọ̀ òkúta fi orúkọ Nsuta gan-an pè é, wọ́n ní nsutite. Inú mi máa ń dùn bí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ, nítorí wọ́n rò pé gbogbo orúkọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì ló ti òkè òkun wá.

Ẹ da nǹkan dúdú náà sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ẹ bu omi lé e, ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kí ẹ sì rọra da omi orí rẹ̀ sínú bàsíà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin kí iyọ̀ lè kúrò. Omi inú bàsíà yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà, nítorí gọ́tà wa ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà ló ń lọ. Ẹ gbé e sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ fá ohun tó kù nídìí rẹ̀ sínú ìgò kan tó ní ìdérí. Ẹ̀tù dúdú náà, ẹ sá òun náà sóòrùn, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ, ẹ má rò ó láìsí ìbòmú. Ní 1837, oníṣègùn kan ní Scotland kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ máńgánísì, tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, tí wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Ẹ̀tù tí wọ́n ń fà símú ló fà á. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wọ ara, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tó bá ń tú bátìrì lójoojúmọ́ láìbo imú, ọ̀nà yẹn ló ń tọ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ dájú pé máńgánísì ni, ẹ ra omi tí àwọn apòògùn ń pè ní eau oxygénée, kí ẹ kán díẹ̀ sórí ẹ̀tù náà. Yóò hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fòòfò. Ọ́síjìn ló ń jáde. Máńgánísì ń tú omi náà ká, òun fúnra rẹ̀ kò sì tán.

Ó wá kan iná. Ẹ ki ẹ̀tù gbígbẹ náà sínú ike bíróò tí ẹ gé kúrú, ẹ fi ìṣó kan dí ẹnu rẹ̀ níhìn-ín, kí ẹ fi èkejì dí i lọ́hùn-ún, kí ẹ sì fi mítà kan àwọn ìṣó náà. Ẹ ka òǹkà. Ẹ wá tẹ ìṣó méjèèjì síra wọn, ẹ ó rí i pé òǹkà ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Níbi yìí ni mo ti ṣìnà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ń kọ òǹkà yẹn sínú ìwé, mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìdènà máńgánísì nìyí. Ọjọ́ tí mo fi mítà kan ọ̀pá àárín bátìrì náà, tí mo rí i pé ìdènà rẹ̀ kò ju óòmù díẹ̀ lọ, ni ojú mi là. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀tù ni mo ti ń wọ̀n látọjọ́ yìí! Máńgánísì tó so mọ́ ọ́síjìn méjì kì í gbé iná dáadáa. Ìdí nìyẹn gan-an tí ilé iṣẹ́ fi ń po kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun méjì péré ni kí ẹ kọ sílẹ̀ níbi yìí: pé ẹ̀tù tí a kò tẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ ló ń dá iná dúró, àti pé ohun tí a pò mọ́ nǹkan lè sọ̀rọ̀ lórúkọ nǹkan náà.

Ti òòfà ni ẹ̀tù yìí fi ń sọ òtítọ́. Ẹ fi ọ̀rá wé òòfà háàdì dísìkì, kí ẹ fi wá inú ẹ̀tù náà kiri. Bí ohun tó dà bí irun bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tó já bọ́ sínú rẹ̀ ni. Ẹ bọ́ ọ̀rá náà kúrò pẹ̀lú irin ara rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá mìíràn tún un ṣe títí kò fi ní rí nǹkan kan mú mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ki ẹ̀tù sínú ike tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ fi òwú gígùn so ó rọ̀ sínú páálí kí afẹ́fẹ́ má bà á mì. Tó bá ti dúró jẹ́ẹ́, ẹ rọra gbé òòfà sún mọ́ ọn láìfi kàn án. Ẹ ó rí i tó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Ẹ so ike òfìfo rọ̀, kí ẹ ṣe bákan náà. Kò ní wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú átọ́ọ̀mù máńgánísì kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ ọ́síjìn méjì níbẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ẹ̀yà bíńtín tó ń gbé iná) mẹ́ta wà tí kò ní ẹnìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ òòfà kékeré. Ooru ń dà wọ́n rú, olúkúlùkù kọjú síbi tó wù ú. Bí òòfà wa bá sún mọ́ wọn, díẹ̀ nínú wọn á kọjú síbi kan náà. Bí a bá gbé e kúrò, wọ́n á tún túká. Oríṣi mìíràn wà, tí máńgánísì kan so mọ́ ọ́síjìn kan ṣoṣo. Tí ẹ bá mú un tutù kọjá 155 dígírì lábẹ́ òdo, àwọn òòfà kékeré inú rẹ̀ á tò létòlétò, ṣùgbọ́n ìlà kan kọjú sókè, ìlà tó tẹ̀ lé e kọjú sílẹ̀, wọ́n sì pa agbára ara wọn. Ní 1949, Clifford Shull àti Samuel Smart fi nútírọ́ọ̀nù, ẹ̀yà bíńtín mìíràn inú átọ́ọ̀mù, rí ètò yìí ní Amẹ́ríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí aráyé fi ojú rí irú rẹ̀ nìyẹn, Shull sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 1994 fún iṣẹ́ nútírọ́ọ̀nù rẹ̀.

Támísítọ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, kò sì sí ewu nínú rẹ̀. Ẹ wò ó ní orí wáyà tó nà mọ́ páìpù bàbà nínú ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí ní ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ibà. Ó lè rí bí ẹ̀kán omi dúdú. Máńgánísì, níkẹ́lì, kóbáàtì, nígbà mìíràn bàbà, ni wọ́n jọ so mọ́ ọ́síjìn, tí wọ́n sì sun bí ìkòkò amọ̀.

Ẹ wá èyí tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 10,000 óòmù ní 25 dígírì; òun ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má bà á. Ẹ rì í bọ inú omi dídì, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó kà á. Irú tó wọ́pọ̀ yẹn á fún yín ní bíi 33,000. Ẹ fi sábẹ́ abíyá: bíi 6,000. Ẹ bu omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù títí tẹmomítà á fi ka 50: bíi 3,600. Omi tó ń hó: bíi 700 péré. Ẹ kọ ooru sí apá kan ìwé, ẹ kọ ìdènà sí apá kejì, kí ẹ sì ya ìlà rẹ̀. Kò ní tọ́ gbọọrọ. Á já wálẹ̀ kíákíá lókè, á wá máa rọra lọ nísàlẹ̀. Tí ti yín bá yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi, kò burú, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń po tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìdènà bá ń gòkè bí ooru ṣe ń gòkè, irú mìíràn lẹ mú, tí kì í ṣe máńgánísì ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ fi wé wáyà bàbà. Bàbà, bí ooru bá fi dígírì kan gòkè, ìdènà rẹ̀ á gòkè bíi 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti támísítọ̀ yìí ń wálẹ̀ bíi 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlọ́po mọ́kànlá, àti sí ọ̀nà òdìkejì.

Kí ló dé? Ẹ rántí àwọn àdúgbò wa nígbà òjò, tí omi bá kún ojú ọ̀nà, tí a tò búlọ́ọ̀kù sínú omi, tí a ń fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Nínú támísítọ̀, máńgánísì kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn lè fò lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì, kí ó tún fò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Iná tó ń rìn nìyẹn. Nínú bàbà, ojú ọ̀nà gbẹ ni, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn fàlàlà, ooru ló ń ṣe ìdíwọ́ fún un. Níhìn-ín, fífò ni, ooru ló sì ń fún ẹsẹ̀ ní agbára láti fò.

Òkúta dúdú inú ṣájà

Ẹ wá tíráńsífọ́mà tó ní tépù yẹ́lò lára nínú ṣájà tàbí páwà kọ̀ǹpútà tó ti kú. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ yọ páwà kọ̀ǹpútà nínú iná ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì gbé mítà sí ibi fóòtì, kí ẹ fi wo ẹsẹ̀ kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Ó lè pa fóòtì tó ju 300 mọ́ fún ìgbà pípẹ́, irú iná bẹ́ẹ̀ sì ń pa èèyàn.

Gọ́ọ̀mù ló mú òkúta náà mọ́ra. Ẹ má fi òòlù lù ú, yóò fọ́ bí àwo. Ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi aṣọ dì í mú, kí ẹ rọra yí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni férráìtì: irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, máńgánísì àti síńkì wá bá a gbé, gbogbo wọn so mọ́ ọ́síjìn.

Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, á fò mọ́ ọn. Ẹ wá gbé òòfà kúrò, kí ẹ fi òkúta náà kó abẹ́rẹ́. Kò ní kó wọn. Ohun tí ṣájà ń fẹ́ nìyẹn: òkúta tó ń tètè gba agbára òòfà, tó sì ń tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí iná inú rẹ̀ ń yí padà ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ fi ẹnu mítà tẹ ara rẹ̀ ní ibi méjì. Bí ó bá ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù, férráìtì oní-máńgánísì ni. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti níkẹ́lì, tàbí kí ọ̀dà wà lára rẹ̀; ẹ ha ibẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ yìí ń gba alátùn-únṣe lọ́wọ́ àṣìṣe, torí ti níkẹ́lì ni a ń lò fún iná tó ń yí padà kíákíá jùlọ. Tí ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ẹ̀rọ náà á gbóná.

Fún ẹni tó bá ní sùúrù: ẹ fi wáyà bàbà so férráìtì kékeré kan rọ̀ lókè ìdáná èédú, kí gbogbo ike àti tépù ti kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbé òòfà sípíkà sí ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀nà jíjìn sí iná díẹ̀, kí ó ṣì lè fa òkúta náà wọ́. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bo ojú yín, nítorí ó lè sán. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá kọjá bíi 200 dígírì, lójijì ni òkúta á padà sí àárín bí ẹni pé òòfà ti kú. Ẹ jẹ́ kó tutù, á tún fà. Òòfà kékeré ti háàdì dísìkì, ẹ má mú un dé ibi iná o. Ooru máa ń ba tirẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Níbi tí iná àti òòfà ti pàdé

Ohun tó kù yìí kò ṣeé ṣe lórí tábìlì wa, àmọ́ ẹni tó ti ṣe ti òkè yìí, á yé e. Ní 1950, Jonker àti van Santen ní ilé iṣẹ́ Philips ní Netherlands po máńgánísì àti mẹ́táàlì méjì mìíràn, lántánọ́ọ̀mù àti sítíróńṣíọ́ọ̀mù, mọ́ ọ́síjìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí òòfà ṣe ń jí nínú nǹkan náà ni iná ń rọrùn láti kọjá. Ní 1951, onímọ̀ físíìsì kan, Clarence Zener, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹ padà sí búlọ́ọ̀kù inú omi wa: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́ fò, òòfà ni òun náà, ó sì ní ibi tó kọjú sí. Bí máńgánísì tí ó fẹ́ fò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bá kọjú síbi kan náà pẹ̀lú èyí tó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, fífò náà á rọrùn. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, á ṣòro. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé òòfà ńlá sún mọ́ ọn tí gbogbo wọn wá kọjú síbi kan, ìdènà iná á lọ sílẹ̀. Ní 1994, wọ́n rí irú rẹ̀ tí ìdènà náà ń wálẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òtútù tó pọ̀ àti òòfà tó lágbára gidigidi ni wọ́n fi rí i, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti mú un dé inú ilé wa. Ṣùgbọ́n ti sítíróńṣíọ́ọ̀mù, nínú oríṣi tí sítíróńṣíọ́ọ̀mù bá gba ipò lántánọ́ọ̀mù 3 nínú 10, agbára òòfà rẹ̀ kì í kú títí ooru á fi sún mọ́ ti omi tó ń hó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí a mọ̀ sí IMSP wà ní Dangbo, kò jìnnà sí wa; kí ó mú ìwé tó ya ìlà támísítọ̀ sí lọ́wọ́ lọ.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ da ẹ̀tù dúdú padà sínú ìgò, ẹ rin ín díẹ̀ kó má fẹ́, ẹ dé e pa, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀ lédè Yorùbá àti lédè Faransé, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Síńkì tí ẹ bó, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Támísítọ̀ àti férráìtì, ẹ dá wọn padà sínú àpótí ẹ̀yà. Wọ́n ṣì máa wúlò.